Alágẹmọ Tí Kò Mu Omi Inú Abọ́

Nígbàkúùgbà tí mo bá bomi rin òdòdó, tí òórùn ewé tútù sì gba afẹ́fẹ́, alágẹmọ wa ní Festac ni mo máa ń rántí.

Inú àpótí tí a fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò lẹ́yìn ilé ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sìn ín sí, láàárín ewé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ jìn wọnú, awọ rẹ̀ hunjọ, ó ń sùn lójú oòrùn. Omi kún abọ́ iwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

"Ó fẹ́ kú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Mo figbe ta.

Mọ́mì, tí ẹ̀rù alágẹmọ máa ń bà, sáré jáde pẹ̀lú ife omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń bomi lù ú: "Ẹ̀mí burúkú, jáde lórúkọ Jésù!"

Omi ń kán lórí ewé. Alágẹmọ la ojú kan, ó yí i síbi tí omi ti ń kán, ó rọra yanu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu.

"Mọ́mì, ó ń mumi! Ẹ bù ú sí i!"

Wọ́n bù ú títí ife fi gbẹ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé omi tó ń kán lórí ewé ni alágẹmọ ń mu, kì í sábà mu tinú abọ́.

Nígbà tí a jí lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì ti wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń bomi sórí ewé, wọ́n sì ti sún mọ́ ọn ju ti àná lọ.