Ìlà Òrùka Lára Ilẹ̀kùn Mọ́tò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Ghislaine ará Odomèta, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹbí ọkọ rẹ̀. Ẹ bi èmi Ìyá Tóbi, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín. Àárọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbá àgbàlá, àfi bíi pé erùpẹ̀ pupa Kétu máa tán nílẹ̀ nítorí tirẹ̀.

Cyriaque ọkọ rẹ̀ kú lójijì nígbà ọyẹ́. Ohun tó fi sílẹ̀ ni Gwladys ọmọ wọn, àti mọ́tò dúdú kan tí wọ́n fi fíìmù, ike fẹ́lẹ́ tó ń dán, bo ọ̀dà rẹ̀. Ghislaine kò mọ mọ́tò wà o. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á lọ dúró níbi ọwọ́ ilẹ̀kùn, á máa fi ìka tọ àwọn ìlà tín-ín-rín tí òrùka ìgbéyàwó ọkọ rẹ̀ ti ha síbẹ̀. Kò fẹ́ kí mọ́tò náà kúrò lójú òun. Kò tọrọ ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí wọ́n ní ẹbí ń bọ̀ wá pín ogún, ó sáré wá bá mi. Lọ́dọ̀ wa, opó tó bá jẹ́ kí ẹrù ọkọ rẹ̀ bàjẹ́, wọn á ní kò mọ ìtọ́jú.

Ó ní, "Ìyá Tóbi, tí wọ́n bá rí i pé mo tọ́jú mọ́tò yìí, wọn á fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ó kọ etí ikún sí mi.

Gwladys wo lórí fóònù bí omi gbígbóná ṣe ń pa ojú ibi tó ha lára irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ghislaine kọ́kọ́ ṣan erùpẹ̀ kúrò. Ó da omi gbígbóná tí kò tíì hó sí i, ó ń fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ooru mú fíìmù rọ̀, gbogbo ibi tó ha ń pa ojú dé. Nígbà tó kan ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó dúró. Mo rò pé á fo ibẹ̀. Ó wo ojú ọ̀nà tí ẹbí máa gbà dé, ó sì da omi sí i. Ìlà Cyriaque parẹ́ pátá. Inú bí mi, mo wọlé lọ.

Èṣùgbàyí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, dé láti Idigny. Ó yí mọ́tò náà po, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ìyàwó, o kú ìtọ́jú! Wọ́n ní ó ti ha yánnayànna, mo sì ti ní ká fi í sílẹ̀ fún ọ. Irú èyí? Èmi ni màá máa gùn ún."

Ghislaine kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o mọ̀ ọ́n wà ni?"

Ghislaine na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn láti fi ìlà òrùka ọkọ rẹ̀ hàn án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ghislaine ṣì ń gbá àgbàlá, ṣùgbọ́n kì í gbá abẹ́ igi máńgòrò tí mọ́tò náà wà kí Èṣùgbàyí tó gbé e lọ, nítorí ojú ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú.