Ọ̀já Tí Wọ́n Dì Mọ́ Apá Màámi

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ wá wo ọgbẹ́ ọrùn Màámi ná.

Kíndìnrín wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń gbé wọn lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, rọ́bà kan tí wọ́n kì bọ ọrùn wọn ni ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àrùn gba ojú rọ́bà yẹn wọlé, ẹlẹ́ẹ̀kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Ni dókítà bá ní ká wá ọ̀nà míì: kí wọ́n la apá òsì, kí wọ́n so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn pọ̀ mọ́ èyí tó ń dá a padà, kí abẹ́rẹ́ ńlá lè máa ríbi wọlé.

Mo ní ṣé iṣan tínrín tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà yẹn á lè gba agbára ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí sùúrù ẹ̀ pọ̀, jókòó tì mí. Ó ní látinú oyún, ọ̀kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n ń gbà láti ara ẹnìkejì wọn, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì wọ́n sí, ló ń sọ àwọn kan di iṣan àlọ, tó ń sọ àwọn yòókù di iṣan àbọ̀. Iṣan àbọ̀ tó ti dàgbà pàápàá ṣì ń gbọ́ràn. Tí ẹ̀jẹ̀ líle bá ń ya wọ inú ẹ̀ lójoojúmọ́, á fẹ̀, ara ẹ̀ á nípọn, á máa ṣe bíi ti ìkejì. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa gbà. Ká ṣáà má jẹ́ kí ohunkóhun fún apá yẹn.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí gúrúùpù ẹbí lórí fóònù. Àmín ni wọ́n ń ṣe ṣáá. Nígbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, láràárọ̀, kí n tó wọ mọ́tò Èkó, màá gbé ìka lé apá Màámi. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ awọ, bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn ẹ̀ tí ìpè ń wọlé sí. Dókítà ní tó bá ti ń gbọ̀n báyẹn, ẹ̀jẹ̀ ń kọjá nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ̀gbọ́n Màámi, tá à ń pè ní Màmá Òṣíẹ̀lẹ̀ torí Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wá kí wọn nílé wa ní Aké. Wọ́n fọwọ́ kan apá náà, wọ́n rí i pé ó ń gbọ̀n, ẹ̀rù bà wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀já la fi ń di ibi tó bá ń yọni lẹ́nu: orí tó ń fọ́, ìdí tó ń dunni, ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Màmá Òṣíẹ̀lẹ̀ bá mú ọ̀já, wọ́n dì í mọ́ apá náà pinpin, wọ́n sì gbàdúrà sí i. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo sáré tú u, mo gbé ìka lé e. Kò gbọ̀n mọ́.

Ara mi gbóná. Mo jágbe mọ́ àgbàlagbà, mo ní wọ́n ti pa wá. Mo tún yíjú sí Màámi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí dókítà ṣàlàyé fún létí ara wọn, mo ní ṣé wọn ò lẹ́nu ni. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló bá mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹkún ni wọ́n fi ń dì í. Ṣé kí n wá já apá mi gbà lọ́wọ́ wọn ni?"

Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan náà. Dókítà ṣe é títí, kò là. A padà sí rọ́bà ọrùn, ó wá ku apá ọ̀tún nìkan.

Ní Sátidé tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ kejì, mo gba Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú. Mo kúnlẹ̀, torí Màámi ní mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé àlọ, mo ṣàlàyé àbọ̀, mo ní ká má di nǹkankan mọ́ apá kejì. Màmá Òṣíẹ̀lẹ̀ ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní:

"Ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó báyìí. Kí ló dé tó ò sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀?"

Fóònù wọn wà lórí tábìlì, kékeré onítẹ̀ yẹn, tí kò lè ṣe ju ká fi pe èèyàn lọ, tí gúrúùpù ẹbí ò lè wọ̀. Èmi ni mo rà á fún wọn.