Erùpẹ̀ Ojú Ọ̀run Tí Ìyá Mi Jọ̀

Odindi ọdún kan ni mo fi ń gún òkúta nínú odó, tí mo ń pè é ní iṣẹ́ yunifásítì. Àwọn ará Okpomèta, ìlú wa, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Àwọn òkúta ràbàtà kan ń fò kiri lójú ọ̀run. Àwọn kan fẹ́ rán ẹ̀rọ lọ bu erùpẹ̀ ibẹ̀ wá sáyé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ fi ayédèrú erùpẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi gbé ayédèrú náà lé mi lọ́wọ́. Bí ọwọ́ irin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe bá rí i bù dáadáa, mo gba dípílọ́mù. Bí kò bá rí i bù, màá tún ọdún náà ṣe.

Mo po amọ̀ láti Kpankou mọ́ èédú lílọ̀, eruku irin tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń jó irin, àti òkúta: òmíràn bí ẹ̀wà, òmíràn bí ẹ̀kúrọ́, gbogbo wọn ní ìwọ̀n. Òkúta yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, torí erùpẹ̀ ojú ọ̀run kì í kúnná. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wá dán an wò, mo sá a sí àgbàlá ìyá mi, mo lọ sọ́jà.

Gàrí ni ìyá mi ń ṣe láti kékeré. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá gbé gàrí oníhóró lọ sọ́jà, orúkọ ilé rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Nígbà tí mo dé, ajọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èédú kún ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Erùpẹ̀ náà kúnná bí àtíkè. Ó ní òun rí i pé ìkánjú ni mo fi ṣe é, àlejò sì ń bọ̀. Òkúta ńkọ́? Ó ti dà á sójú ọ̀nà tí ẹrẹ̀ wà.

Inú mi kì í pẹ́ ru. Mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ. Mo ní ó ti ba ayé mi jẹ́, kó lọ kó òkúta mi wá. Mi ò tiẹ̀ dúró sọ ìdí rẹ̀. Ó gbé igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sójú ọ̀nà, ó ń ṣà á. Ojú tì mí, mo lọ bá a ṣà á. Ẹnì kan tó ń kọjá bèèrè ohun tó sọnù. Ìyá mi ní òkúta ojú ọ̀run ni. Onítọ̀hún kí wa kú iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. A fọ̀ ọ́, mo tún un wọ̀n, a tún un pò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọwọ́ irin náà wá sí àgbàlá wa. Ó wọ inú erùpẹ̀, ó kọ lu òkúta, ó han gooro, ó sì bù ú kún. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣa òkúta kan níbẹ̀, ó ń yí i wò.

Ìyá mi bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí òkúta fìyà jẹ ọmọ mi. Ó mọ nǹkan jọ̀ dáadáa. Èmi ni mi ò jọ̀ ọ́.”