Àyà Ẹ̀gbọ́n Mi

Apá mi ti rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi wí i ni mo ti wí i fúnra mi. Bí mo bá na ọwọ́ sókè láti sá aṣọ, ẹran abẹ́ apá mi a máa mì, àwọn ọmọ-ọmọ mi a sì máa fi ṣeré. Ọrùn mi náà ti ń wọ́ sílẹ̀. Inú mi ò bàjẹ́ sí i rárá. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tèmi nìyí, mo lò ó gbó ni.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni irọ́ tí àwọn èèyàn ń pa mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ẹ̀rín àrínjù ló ń mú kí ojú hunjọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi àdín para lálaalẹ́, awọ rẹ̀ tó ti rọ̀ yóò padà le. Láti kékeré ni mo ti ń fi àdín para, mo sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe wù mí. Àdín mú ara mi dán, kò gbé nǹkan kan sókè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo irọ́ wọ̀nyí, ọ̀kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tuntun nínú ilé wa.

Ọmọbìnrin mi tí ń ṣe irun ní Òkìtìpupa ló bímọ. Mo di ẹrù mi ní Àjàgbà, mo wọ takisí, mo lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi gbígbóná wá kí n fi tẹ̀ ẹ́ níkùn bí a ti máa ń ṣe fún abiyamọ. Ó bọ́ aṣọ, mo rí ọ̀já. Ọ̀já tí èmi rà fún un pé kó fi máa pọn ọmọ ló fi di àyà ara rẹ̀ pinpin, omi ọmú sì ti mú un rin. Ọmọ ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgò mílíìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lo dì mọ́ àyà yìí?"

"Ìyé, mo fẹ́ kó gbẹ ni. Bí ọmọ bá ń fa ọmú, ṣe ló ń fà á wálẹ̀. Ẹ ṣáà wo tiyín."

Mo wo tèmi. Lóòótọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló mu ún, òun gan-an ló sì pẹ́ nídìí rẹ̀ jù.

"Èyí tí o mu tí o fi dàgbà lo fi ń bú mi?"

"Mi ò bú yín, mà. Ẹ wo Màmá Tíṣà. Wọ́n jù yín lọ, síbẹ̀ àyà wọn dúró ṣánṣán. Ṣé torí pé ọmọ ò mu tiwọn kọ́?"

Díẹ̀ ló kù kí n gbá a lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ń pè ní Màmá Tíṣà. Ó lọ́kọ, ó gbààwẹ̀, ó wọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ gbàdúrà létí odò pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, ọmọ ò dé. Ó wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nínú ẹbí wa, a kì í fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní oyún ló ń fẹ àyà lójú, tí ọjọ́ orí á sì parí iṣẹ́ náà, ì báà fún ọmọ lọ́mú, ì báà má fún un. Mo ní bó bá ń dì í báyìí, àyà lè wú mọ́ ọn lára. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé òun ò fẹ́ kí ọkọ òun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn dé kó wá bá òun bí arúgbó. Ó tún ọ̀já so. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń pọ mílíìkì inú ìgò, itan rẹ̀ sì ń joro. Èmi kì í ṣe ojo, àmọ́ itan ọmọ yẹn bà mí lẹ́rù. Bí omi ọmú bá gbẹ tán, kí la fẹ́ fún un?

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbọ́n mi dé láti Akotogbo wá kí ọmọ, pẹ̀lú epo pupa àti ẹja yíyan. Ó gbé ọmọ, ó fi ọwọ́ wọn ọ́n wò, ojú rẹ̀ yí padà. Mo ṣàlàyé ọ̀já fún un, mo fo ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ ló ń fà á wálẹ̀?" ló bi ọmọ mi.

Ojú ọmọ mi sáré lọ sí àyà ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi, kò sí bí ọmọ ṣe lè jí ìwé ẹlòmíì wò kó má rí i. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ó bọ́ bùbá. Ó tú kọ́mú rẹ̀ tó le bí páálí. Àyà rẹ̀ méjèèjì já bọ́ sórí ikùn rẹ̀, ó rẹlẹ̀ ju tèmi lọ.

"Wò ó dáadáa," ló wí. "Ẹnu ọmọ kankan ò kan èyí rí. Mo bẹ Ọlọ́run títí pé kó kàn án. Ó sì wálẹ̀ náà. Ìwọ rí ẹni tí yóò mu tìrẹ, o wá ń fi ọ̀já dènà rẹ̀."

Ọmọ mi bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò sunkún. Ó wọ kọ́mú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n bá òun kọ́ ọ.

Ọmọ mi tú ọ̀já. Omi ọmú ò tètè wá. Ọmọ fà á, ó ké, ó tún fà á. Mo ń bu ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá rẹ̀, mo sì ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láyà, títí tí mo fi gbọ́ tí ọmọ ń gbé e mì gbìn-ìn gbìn-ìn. Ó mu ún yó, ó sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀já náà nílẹ̀, bó ṣe tutù yẹn. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi pọn ọmọ, ó sì jáde síta. Obìnrin kan tó ń kọjá lójú títì, tí kò mọ̀ wá rí, kí i pé, "Màmá, ẹ kú ọwọ́ lómi o!"

Ẹ̀gbọ́n mi tún ọ̀já so le. "A dúpẹ́ o," ló wí. "Ire á kárí."