Múdàṣírù àti Irin Tó Há Sẹ́yìn Ọkọ̀ Ọláìtán

Wọ́n ní tí Múdàṣírù bá fẹ́ yọ irin tó há, ó máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ kan sí i létí. Ẹni tó sọ fún mi lọ́jà Ìkọ̀tún fi Ọlọ́run búra. Ó ní nọ́ọ̀tì táyà lọ́rì kan wà ní Ìgàndó, ọkùnrin mẹ́ta ti gun páìpù tí wọ́n fi ń yí i títí páìpù fi tẹ̀, àfi ìgbà tí Múdàṣírù dé, tó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ni nọ́ọ̀tì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ìdérí ìgò. Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" mo sì yára kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ìdajì kejì, mo fi í sílẹ̀ de ọjọ́ tí n óò fojú ara mi rí ọkùnrin náà.

Ọjọ́ náà dé lọ́dún 2012, lọ́jọ́ Àìkú kan tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò balẹ̀ nílé wa ní Ẹgàn.

Ọláìtán, àkọ́bí mi, ti fi ọdún mẹ́ta ṣe tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan, níbi tí wọ́n ti ń fi àdúrà kún owó oṣù kó lè pé. Nígbà tó sú u, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó ní lé orí ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi ń po kọ́ńkéré, ó ní òun yóò máa gbé e lọ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí wà ní Ayọ̀bọ̀. Ẹnjiníà tó gbé iṣẹ́ náà fún un kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: "Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí n kò bá rí ẹ̀rọ ẹ, ẹlòmíràn ń dúró." Ọmọ mi kò sì ní ibòmíràn tó ń dúró dè é.

Píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí baba rẹ̀ fún un ló fẹ́ fi fa ẹ̀rọ náà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé irin kan ti wà lábẹ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà tẹ́lẹ̀, ó wọnú ihò onígun mẹ́rin kan, orí rẹ̀ sì rí róbótó bí àgbálùmọ̀. Òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ló máa ń fi í fa nǹkan lọ́hùn-ún. Ẹnu ẹ̀rọ Ọláìtán ní tiẹ̀, òrùka ni, kò lè gba orí róbótó. Simeon tó ń jó irin ní ìta wa ti rọ ìkọ́ tuntun tí yóò wọnú ihò náà rẹ́gí. Kí ti àtijọ́ ṣáà ti jáde ló kù. Ó sì ti dípẹtà, ó kọ̀ jálẹ̀.

Láti òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n ti ń lù ú. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n tún lù ú. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ mi ní kí wọ́n so ṣéènì mọ́ irin náà, kí wọ́n so ẹnu kejì mọ́ òpó géètì, kí Ọláìtán wá wa ọkọ̀ síwájú.

Mo ní, "Bàbá Ọláìtán, òpó yẹn mà ni géètì wa fi ń dúró."

Ó ní, "Ìyá Ọláìtán, kí lo mọ̀ nípa sìmẹ́ńtì? Bàbá mi ló mọ òpó yẹn. Ti ayé àtijọ́ ni."

Ìdílé Sàlàkọ́ ni ọkọ mi, àwọn onílẹ̀. Bí ó bá ti dárúkọ bàbá rẹ̀, ẹjọ́ parí nìyẹn. Ọláìtán tẹ iná mọ́tò. Irin kò mira. Òpó ayé àtijọ́ ló tẹ̀ lé ọkọ̀ jáde sí títì, géètì sì sùn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Simeon ní kò sí ohun tó kù ju iná lọ, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi gáàsì gé e. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọláìtán fi ara dí ẹ̀yìn ọkọ̀: "Tánkì epo rè é níbí, Bùrọ̀dá Simeon. Bẹ́ ẹ bá sì ba ihò yẹn jẹ́, kí ni n óò fi fa ẹ̀rọ, eyín mi?"

Ibẹ̀ ni mo ti dárúkọ Múdàṣírù. Ẹnu mi ló yọ.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, àpò ìrẹsì ló fi rán àpò iṣẹ́ tó gbé kọ́ èjìká. Mo wo ọrùn rẹ̀ àti ìka rẹ̀ dáadáa, bóyá n óò rí òrùka tàbí ońdè. Aago ọwọ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ ti là ni mo rí.

Ó kí ọkọ mi, ó kí mi, ó kí Simeon tí kò dáhùn dáadáa. Kò fọwọ́ kan irin. Ó lóṣòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè bí dókítà: ọkọ̀ ti tó ìgbà wo nílẹ̀ yìí? Ṣé ó ti wọ omi rí? Ta ló kùn ún ní dúdú?

Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?"

Ọkọ mi ní, "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ti òkè òkun dé náà ló ṣe wà."

Simeon ń wo ẹyẹ lójú ọ̀run.

Múdàṣírù mi orí. Ó po dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ́ìlì bíréèkì nínú agolo, ó fi ìyẹ́ adìẹ rọra ń kán an sí ẹ̀gbẹ́ irin yíká, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo súnmọ́ ọn. Mo dọ́gbọ́n bíi pé mo fẹ́ ṣa ẹ̀wù tí a sá. "Bísímílà" ló ń wí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà kì í ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn láìwí pé "Ní orúkọ Jésù," n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan ní mò ń pọfọ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

Ó ní ká fún epo náà ní wákàtí méjì. Ó lọ kírun ní mọ́sáláṣí, ó padà, ó tẹ́ páálí sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó.

Simeon bú sẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ àkọ́bí Múdàṣírù pè é. "Ṣé ìjókòó ló máa yọ ọ́ ni? Bàbá Zikrullah, ẹ kúkú sùn."

Ó ní, "Tó o bá rí ìrọ̀rí, bá mi mú un wá."

Mo gbé ìrẹsì fún un, mo sì jókòó tì í, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n pè é, mo sì fẹ́ mọ irú ẹni tí mo pè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lógún ló wá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́rì ní Ìgàndó. Ní ọdún kejì, ọ̀gá rẹ̀ ní kó tú bóòtì kan lára ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ fi agbára hàn, ó fà á, bóòtì já sínú. Ọ̀gá kò nà án. Ó kàn gbé ayùn àti irin ẹlẹ́nu mímú fún un, ó ní kó yọ èyí tó kù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ha á jáde díẹ̀díẹ̀, tí ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́fà tó kù, ọ̀gá mi ni mo ń sìn."

Láti ìgbà náà, irin tí gbogbo ayé bá kọ̀ sílẹ̀ ni tirẹ̀. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ ń ra irin àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn ńlá Sólù ní Ìgàndó. Ọkọ tú, ìyàwó tà. Àwọn méjèèjì ti fi bẹ́ẹ̀ rán Hamdalah, àbúrò Zikrullah, dé ilé-ìwé olùkọ́. Ó sọ èyí bí ẹni sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Nígbà tí wákàtí méjì pé, ó dìde. Kò mú hámà ńlá. Ó mú kékeré kan tí n kò lè fi pa ekùrọ́, ó ń kan irin náà, ó sì fi ìdí sukudiráfà ti egungun ẹ̀yìn etí rẹ̀, ẹnu sukudiráfà náà sì wà lára irin. Ó kan òkè, ó gbọ́. Ó kan ọ̀tún, ó gbọ́. Ó kan òsì. Ó dùbúlẹ̀ sínú ekuru, ó kan ìsàlẹ̀. Ó tún un kàn.

"Apá mẹ́ta ń dáhùn," ó ní. "Apá kan kò dáhùn."

Ọláìtán ní, "Kí ló túmọ̀ sí, sà?"

"Kì í ṣe pé irin yìí há lásán o. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni."

Ó mú ọ̀bẹ, ó fá ọ̀dà dúdú tó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí i: ojú ibi méjì tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀ mọ́ ihò, kéékèèké bí ẹ̀wà, tí wọ́n wá fi ọ̀dà bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọkọ mi wúkọ́. Mo wá rántí ọdún tó kọjá, nígbà tí olè ń tú ara mọ́tò ní gbogbo Ẹgàn, tí kálukú ń gbé mọ́tò rẹ̀ lọ bá wẹ́dà kó bá wọn jó ohun gbogbo mọ́ra. Àkókò tí Ọláìtán ń gbé ní ilé tí ilé-ìwé fún àwọn tíṣà nìyẹn. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Simeon!" ọkọ mi ní. "Ìwọ lo jó o!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n jó o, sà."

"Sípíà táyà ni mo ní kí o jó!"

"Ẹ ní, 'Jó gbogbo ohun tó bá ṣeé yọ.' Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ wí, ẹ tún ń nàka."

"O wá mọ̀ pé ìwọ lo jó o, o sì jẹ́ kí n wó òpó bàbá mi?"

"Mọ́tò tí mo jó lọ́dún yẹn lé ní ọgọ́ta, sà! Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹyọ kan, ẹ rántí bí?"

Múdàṣírù kò wo ẹnìkankan nínú wọn. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ayùn irin rẹ́ ojú jíjó àkọ́kọ́, ó simi, ó rẹ́ èkejì. Ayùn náà kò kan ihò rárá. Mo yọjú wò ó, ìlà tó rẹ́ mọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó gbà á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-láàádọ́ta. Ó wá ní kí Ọláìtán di orí róbótó náà mú, kó máa fà á díẹ̀díẹ̀, kó má já a gbà. Ó kan ọ̀tún, ó kan òsì. Irin náà ké kín-ín, ó sún ìwọ̀n ìka kan. Ó tún kàn án. Ó tún sún. Ó wá yọ sí ọmọ mi lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni fa ọ̀bẹ yọ nínú búrẹ́dì.

Ọláìtán gbé irin àtijọ́ sílẹ̀. Ó ki ìkọ́ tuntun bọ inú ihò, ó wọlé rẹ́gí. Ó fi gírísì pa á bí Múdàṣírù ṣe ní kó ṣe, ó ti ẹ̀rọ kọ́ńkéré wá, ó fi òrùka rẹ̀ kọ́ ọn. Ó di í mú, ó mì í, kò yẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yìí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ekuru fún ọkùnrin náà. Mo ní, "Olúwa, o ṣeun," mo sì fi ìborí nu ojú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹjọ́ kò tíì parí.

"Ká ní o fi àmì sí i," ọkọ mi ń wí.

"Àmì tí olè máa rí?" Simeon dá a lóhùn. "Kí ni à ń fi ọ̀dà bò ó fún?"

"Bí mo bá ní kí o jó gbogbo nǹkan, ṣé wàá jó ilẹ̀kùn mọ́ mi nínú ni?"

"Ẹ dẹ̀ bẹ̀ mí, sà! Ẹ bẹ̀ mí kí n jó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èmi ni mo kọ̀!"

"Irọ́! Bàbá Zikrullah, ẹ̀yin náà ẹ bá wa dá a. Ẹni tó ní kí wọ́n jó o àti ẹni tó jó o, ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

Múdàṣírù ti nu hámà kékeré náà, ó ti gbé àpò kọ́ èjìká. Ó tẹrí ba fún mi, ó ní, "Màmá, ìrẹsì yẹn dùn o," ó sì gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá sí ojú títì, bí ọkọ mi ṣe ń wí pé, "Ẹ dúró ná, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Simeon sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ó ní—"