Ọ̀gá Tí Mo Kọ Ìyìn Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń so táì mọ́rùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru Ṣómólú, tí mo rò pé táì náà ló ń mú kí àwọn èèyàn fetí sí mi. Àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣe ìjọba nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Bàrígà ló gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí n rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè wá kọ́ iṣẹ́ tó ju èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn. Mo gun kẹ̀kẹ́ kiri títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Ẹ ò rí irú àwọn ọ̀gá tí mo bá pàdé! Ọ̀kan tó ń ṣe àga àti tábìlì ní Abúlé Òkúta kò tilẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní, “Tí wọ́n bá mọ iṣẹ́ tán, ta ni yóò máa gbé pákó fún mi?” Ahun ni, ṣùgbọ́n ó sọ tinú rẹ̀. Ẹni tó burú jù lọ ni èyí tó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó gbé àga fún mi fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ òun, ó sì bu ọwọ́ lùwé kí n tó ṣàlàyé tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé a óò ya fọ́tò? Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí obìnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé pọ̀ lẹ́bàá ògiri, ọmọ àwọn apẹja Ìlàjẹ létí ọ̀sà Bàrígà. Ó ní, “Ẹ mú èyí lọ. Ẹja yíyan ló mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò ṣáà rí orúkọ kọ sílẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Obìnrin yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, èyí téèyàn gbọ́dọ̀ máa kà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò tó oṣù mẹ́fà tó fi yára ju gbogbo ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí a fún un níwèé ẹ̀rí, ọ̀gá rẹ̀ wọ agbádá wá, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká, wọ́n ya fọ́tò. Mo sì jókòó, mo kọ ojú ewé mẹ́ta gbáko nípa ọ̀gá tó fẹ́ràn ìlọsíwájú òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin náà wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni wọ́n gbé sídìí lẹ́tà. Wọ́n ní kí òun kọ́ ọ níṣẹ́, kí òun sì padà sídìí abẹ́rẹ́. Ó kọ̀, wọ́n sì lé e. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín.”

A jọ lọ ni. Ọ̀gá ń jẹun. Kò dá oúnjẹ dúró. Ó ní, “Akọ̀wé, kí ló tún kù? Mo ti ya fọ́tò, ìwọ náà ti kọ ìwé rẹ.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà,” mo sì yíjú padà.

Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?” Ó fi mí síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bàrígà ló gbà á. Kò pé ọdún méjì tó fi di olórí àwọn tó ń to lẹ́tà níbẹ̀. Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, ó to orúkọ ìyàwó mìíràn sínú ìwé ìpè sí ìgbéyàwó ọmọ olówó kan, ariwo sọ, àwọn oníbàárà sì ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí pé kí n bá òun bẹ obìnrin náà kó padà. Ẹ gbà mí gbọ́, mo tún gun kẹ̀kẹ́, mo lọ jíṣẹ́. Yíǹkì ti sọ ìka ọwọ́ obìnrin náà di dúdú. Kò gbójú sókè. “Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Ọjọ́ náà ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá náà ni mo ń kẹ́gàn; ìyẹn rọrùn fún mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun kò tan ẹnikẹ́ni, èmi ni mo bá a kọ irọ́ náà sílẹ̀ kó lè dùn ún kà. Mo ti darúgbó báyìí, wọ́n ṣì ń pè mí síbi tí wọ́n ti ń yin àwọn agbanisíṣẹ́ lórí pèpéle. Tí gbogbo èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́, èmi a yíjú sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí, kí n wo ojú wọn ná.