Ẹsẹ̀ Tábìlì tí Rakia Tẹ̀

Kí Rakia tó di opó, kò fọwọ́ kan irin rí. Jórinjórin ni ọkọ rẹ̀ ní Bantè kí iná mànàmáná tó pa á. Ọmọbìnrin kan, Salma, pákó ìrókò kan, àti ìdì ọ̀pá irin tí ó fara ti ògiri ni ó fi sílẹ̀ fún un. Irin kò sì ṣeé sè jẹ. Nígbà tí ó jáde opó, ó gbé pákó ìrókò náà kalẹ̀ sí àgbàlá, ó kan èèkàn irin mẹ́ta mọ́ ọn, ó ń fi wọ́n tẹ ọ̀pá irin láti fi ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Á ki páìpù gígùn bọ orí ọ̀pá, á wá fi gbogbo ara tì í. Èyí àkọ́kọ́ lọ́, èkejì wọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dọ́gba.

Yessoufou, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni ó ń bá a kó wọn lọ tà ní Savalou. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò ra irin lọ́wọ́ obìnrin, kí ó fi ọjà títà sílẹ̀ fún òun. Rakia gbà.

Lọ́jọ́ kan tí ó mú Salma lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Savalou, ó ya ìsọ̀ Yessoufou. Ó bá a níbi tí ó ti ń ṣàlàyé fún oníbàárà kan, tí ó fẹ́ ogún tábìlì fún ilé oúnjẹ rẹ̀, bí ọrùn ọwọ́ òun ṣe wú nígbà tí òun ń kọ́ bí a ti ń tẹ ẹsẹ̀ wọn.

Rakia sún mọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ wọ́n."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn jà. Ó mú ọ̀pá irin kan nílẹ̀, ó ki í sáàárín irin géètì, ó wá páìpù kan, ó sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e ti àwọn ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì kan níbẹ̀, bí ìbejì ni wọ́n rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Oníbàárà náà yíjú sí Yessoufou. "O mọ iṣẹ́ kọ́ èèyàn o. Tó fi dórí obìnrin!"

Yessoufou rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò lè fi í sílẹ̀ kó máa jókòó lásán."

Rakia dá páìpù náà padà síbi tí ó ti mú un.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Yessoufou fi mú àgbà ẹbí méjì wá sí Bantè. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni pákó ìrókò yẹn, òun ni ó sì yẹ kí ó jogún rẹ̀. Àwọn àgbà bi Rakia pé ta ni ó ra pákó náà. Kò lè purọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní ṣùgbọ́n òun ni ó kan èèkàn mọ́ ọn. Wọ́n gbé pákó lọ tèèkàntèèkàn.

Rakia ṣe pákó òmíràn. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi gún, gbogbo káfíńtà ti gbà pé èyí tí Yessoufou ń fi pákó àkọ́kọ́ tẹ̀ ní Savalou ni ojúlówó. Zoubérou, káfíńtà kan ní Agoua, nìkan ló kù tí ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n ti ń di ẹrù mọ́ ọ̀kadà, ó bi Zoubérou bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbádùn iṣẹ́ òun.

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, Ìyá Salma," ni Zoubérou wí. "Ẹ má bínú o, iṣẹ́ Yessoufou ni mo máa ń pè é fún wọn. Bí mo bá dárúkọ yín, wọn ò ní rà á."

Rakia fa okùn náà le, ó ta á ní kókó.

Ó ní, "Ẹ rọra sáré. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ."